Olè Tó Dáwọ́ Dúró Lẹ́yìn Ìgbà Karùn-ún

Olè náà gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kọ́kọ́rọ́ gidi ló fi ṣí i, kò fọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìgbà karùn-ún, ẹnu ọ̀nà ṣì wà bó ṣe wà, kò sẹ́ni tó tíì fura, àmọ́ olè ò padà wá mọ́. Ó kọjá sí ẹnu ọ̀nà kejì, ó wọlé lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó fi í sílẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà kẹta, ẹ̀ẹ̀marùn-ún náà ni.

"Kí ló dé tó jẹ́ márùn-ún?" Ohun tí mo bi Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ nìyẹn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ló dé tí òjò fi ń rọ̀. "Ìyá, olè ni. Olè ò ní ìṣirò."

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò tíì pàdé olè tí kò ní ìṣirò. Àwọn tí kò ní in, ọwọ́ ti máa ń tẹ̀ wọ́n ní ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́. Ìyá Ìbéèrè ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè mí nígbà náà, orúkọ náà sì bá mi délé. Kì í bí mi nínú. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí ènìyàn fi ariwo dáhùn ìbéèrè tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ilé tí mò ń wí yìí kì í ṣe ilé bíríkì. Àká ìwé ìwádìí ni, orí ayélujára ló sì wà. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń kó iṣẹ́ wọn sí, lórí àìsàn, lórí irúgbìn, lórí omi, lórí ohun gbogbo tí ènìyàn lè fi ọdún mẹ́wàá tẹjú mọ́. Ẹni tó bá ní àkáǹtì níbẹ̀ ló lè ṣí ìwé kà. Ẹni tí kò bá ní, àkọlé nìkan ló máa rí, bí ẹni tó dúró lẹ́yìn fèrèsé tó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn kan kọ́kọ́ jalè níbẹ̀, torí pé orúkọ ọmọ wọn ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń fi ṣe ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé ààbò àkáǹtì lé Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin náà le. Dúrọ́ọ̀ tó ń tọ́jú ṣúgà tíì rẹ̀ sí pàápàá ní àgádágodo. Ó ní kí òǹkàwé má yan ọ̀rọ̀ ìwọlé fúnra rẹ̀ mọ́. Òun ló ń yàn án fún wọn, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún tí kò nítumọ̀. Ó tún fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mẹ́wàá kún un. Ìgbàkígbà tí o bá wọlé, wàá lo ọ̀kan nínú wọn, ìyẹn á sì kú. Bí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá tán, kí o wá gba òmíràn. Abala ìwé kan ni wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ sínú àpòòwé, wọ́n fi lé òǹkàwé lọ́wọ́. Orúkọ ènìyàn kò sí lórí rẹ̀, nọ́ńbà òǹkàwé nìkan ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó yọ gbogbo ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí òǹkàwé wọn kò tó mẹ́wàá kúrò nínú Àká.

Lẹ́yìn gbogbo àgádágodo yìí ni olè tún wá, ó kó ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin láti inú àkáǹtì mẹ́ta.

Ẹni tó ni àkáǹtì àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn òkun. Ẹnìkejì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ṣẹ́. Ẹnìkẹta ni ọmọbìnrin kan tó ń kàwé oyè ọ̀mọ̀wé, tó ti fi ọdún méje wo àìsàn kan tó ń pa ewé ọsàn. Elẹ́wé ni wọ́n ń pè é nílé-ìwé. Òun ni ọwọ́ tó, òun náà ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ti kọ̀wé sí ilé-ìwé rẹ̀ pé òun ló wà nídìí olè náà. Aago mẹ́wàá ọjọ́ kejì ló yẹ kó gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò. Bí Àká kò bá fa ẹ̀sùn náà yọ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn tó lù, wọn ò ní jẹ́ kó wọ yàrá ìdánwò, wọ́n á sì lé e. Ọdún méje á di èéfín.

Adarí Àká, obìnrin jẹ́jẹ́ tá a jọ kàwé nígbà èwe, ló ránṣẹ́ pè mí. "Ọkàn mi ò sọ pé ọmọ yẹn ṣe é," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọkàn kì í ṣe ẹ̀rí." Ó fún mi ní báírò kan àti jọ́tà kékeré kan, ó sì bẹ̀ mí kí n tètè ṣe é.

*

Yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ni Elẹ́wé jókòó sí. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ṣá, ojú rẹ̀ sì ti wú.

"Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"

"Kò wù mí jẹ, Mà."

"Níbo ni ìwé kọ́kọ́rọ́ rẹ wà?"

Ó yọ ọ́ nínú báàgì. Nọ́ńbà òǹkàwé àti ọ̀rọ̀ ìwọlé wà lókè, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tò tẹ̀lé wọn dé ìsàlẹ̀ ìwé. Kò sí àmì kankan lára wọn.

"Mélòó lo ti lò níbẹ̀?"

"Mi ò lo ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n fún mi, mo ti ka ìwé tán, kíkọ ló kù. Oṣù kan gbáko, èmi àti tábìlì mi la jọ ń gbé."

Ìyẹn yé mi. Ẹni tó wà lẹ́yìn òkun kò wọlé, ẹni tó dá ẹsẹ̀ kò wọlé, òun náà kò wọlé. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó pariwo pé nọ́ńbà òun ti kú.

"Ta ló tún rí ìwé yìí?"

"Ọkùnrin kan wà tá a jọ ń lo yàrá ìwádìí. Báàgì mi máa ń wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n, Mà, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ní òun ni. Mo ti mọ bó ṣe ń rí lára."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ba ayé rẹ̀ jẹ́, òun sì ń ṣọ́ ẹnu tirẹ̀ nítorí ẹlòmíràn. Mo ní kó mu omi, mo sì lọ wá ọkùnrin náà dé yàrá ìwádìí wọn.

*

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yìí ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì lè jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ lé mi dé ibẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń ṣọ́ ewúrẹ́.

"Ìwọ àti Elẹ́wé, ṣé ẹ gbọ́ra yín yé?"

"A jà díẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo kòkòrò kéékèèké, ẹyọ kan ló wà. Òun á ní òun ló kàn, èmi á ní èmi ni."

"O rí ìwé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀?"

Ó bojú wo ilẹ̀. "Mo rí i."

"Ṣé o kàn rí i lásán ni?"

"Mo yà á ní fọ́tò. Mẹ́wàá tèmi ti tán, ìlà àwọn tó ń gba tuntun sì gùn dé títì. Mo ní tí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀, màá yá ọ̀kan lò. Mo fi ẹ̀gbọ́n mi búra, mi ò lò ó."

"Ó tán," Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ sọ lẹ́yìn mi. Ó ti yọ fóònù láti pe ọ̀gá ọlọ́pàá.

"Ẹ ní sùúrù ná. Ọmọ, fi fọ́tò náà hàn mí."

Ó fi í hàn mí. Ó mọ́ dáadáa, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló wà níbẹ̀. Mo gbé fóònù náà sún mọ́ ojú Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ kà á fún mi."

"Mẹ́wàá ni."

"Nínú ìwé yín, àwọn wo ni olè lò?"

"Ọ̀kan dé márùn-ún."

"Lórí àkáǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Ẹni tó ní mẹ́wàá lọ́wọ́, tí ojú ń kán débi pé ó ń kó ìwé tó lé ní igba lẹ́ẹ̀kan, kí ló máa dá a dúró ní márùn-ún? Ọmọ yìí ní mẹ́wàá. Elẹ́wé ní mẹ́wàá. Àwọn tó ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì yín náà ní mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti rí odidi ìwé yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó rí ààbọ̀ ìwé là ń wá."

Ó ronú díẹ̀, nítorí kì í ṣe òpònú. "Ìyá, kò sí ààbọ̀ ìwé ní Àká. Odidi là ń tẹ̀, odidi là ń fún wọn."

Mo ní kí ẹlẹgbẹ́ Elẹ́wé pa fọ́tò náà rẹ́, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

*

Aago kan ọ̀sán ti kọjá. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn Àká, orúnkún ń ro mí, mo ń kọ ohun tí mo mọ̀ sínú jọ́tà Adarí. Kò pọ̀. Ìkọ̀wé mi tóbi, jọ́tà sì kéré, gbogbo ìlà ló ń já lẹ́nu. Mo ń ráhùn sínú pé ta ló ń gé ìwé báyìí, ni báírò bá dúró lọ́wọ́ mi.

Mo yí ojú ìwé padà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tẹ iye àga tó wà ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ọ́fíìsì kẹjọ ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gé òkè rẹ̀. Mo yí òmíràn. Ìpàdé kan tó bẹ̀rẹ̀ ní àárín ọ̀rọ̀. Òwú nípọn ni wọ́n fi rán etí wọn pọ̀.

"Adarí, ta ló ń ṣe jọ́tà yìí?"

"Bàbá Aránwèé, ní ìsàlẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti débí ni mo ti ṣòfin pé a kì í da ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì mọ́ nù. Agbọ̀n kan wà lẹ́bàá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tá a ń kó wọn sí."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ lé mi. Bàbá arúgbó kan wà láàárín òkìtì ìwé, abẹ́rẹ́ gígùn wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ ọ́ kó tó kí wa.

"Bàbá, ṣé ẹ máa ń ka ìwé tí ẹ bá ń rán?"

"Rárá o. Ẹni tó ń rán ṣòkòtò kì í bi í léèrè ibi tó ń lọ."

"Báwo lẹ ṣe ń gé e?"

"Láàárín gbùngbùn. Ìsàlẹ̀ ìwé ni mo máa ń kó síwájú, òkè rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn."

"Ní oṣù tó kọjá, ṣé ìwé tó ní nọ́ńbà mẹ́wàá-mẹ́wàá lára wà nínú agbọ̀n?"

"Mẹ́ta péré. Ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n wọ́, wọ́n tún wọn tẹ̀ sórí ìwé mìíràn. Ọ̀gá yìí fúnra rẹ̀ ló gbé wọn wá, ó tiẹ̀ kí mi dáadáa lọ́jọ́ náà."

Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ jókòó sórí òkìtì ìwé kan láìwo ẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ọ́. Ó wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Ojú ọkùnrin náà ti fi hàn pé òun alára ti ń rí ibi tí ògiri òun ti là.

"Jọ́tà tí mẹ́ta yẹn wà nínú rẹ̀, ibo ló lọ?"

"Jọ́tà kan ni. Ó lọ sórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá wá fẹjọ́ sùn, òun ni wọ́n máa ń fún, kó kọ ẹjọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀, kó já a, kó fún wọn."

"Ṣé wọ́n ń gba jọ́tà náà padà?"

"Wọn kì í gbà á. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

*

Fáìlì ẹjọ́ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́, ó sì tì í pa. Ìwé mọ́kàndínlógún ló wà nínú rẹ̀, kò tíì fèsì sí ọ̀kankan. Mi ò kà wọ́n. Mo kàn ń yí ẹ̀yìn wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan: àtòjọ àga, ìpàdé, ìwé ìsinmi òṣìṣẹ́ kan. Ìkọkànlá, ìkejìlá, ìkẹtàlá. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tò ní wíwọ́ lẹ́yìn àwọn mẹ́ta yìí, ẹ̀kẹfà dé ẹ̀kẹwàá. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò ó. Ẹyọ kan jẹ́ ti ẹni tó wà lẹ́yìn òkun, ẹyọ kan ti ẹlẹ́sẹ̀ kíkán, ẹyọ kan ti Elẹ́wé.

Òkè wọn, tó ní ọ̀rọ̀ ìwọlé àti márùn-ún àkọ́kọ́, ló bá jọ́tà lọ sílé. Olè wa ti fi márùn-ún tó kù ránṣẹ́ sí wa láìmọ̀. Oṣù kan ló ti wà lábẹ́ àgádágodo ẹni tó ń wá a.

Lẹ́yìn náà ni mo wá yí wọn sí ojú, mo kà wọ́n. Ọwọ́ kan ló kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

*Mo jẹ́ agbẹ̀bí ní ilé ìgbẹ̀bí tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ reluwé. Àwa mẹ́ta péré là ń ka ìwé níbẹ̀, ẹ sì ti yọ wá kúrò nítorí a ò tó mẹ́wàá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lára àwọn ìyá lẹ́yìn ìbímọ ni mò ń kà nípa rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa padà.*

Ìkejì kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìkẹta, ó kọ ọ́ pé: *Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sọ fún mi pé ẹ rí ìwé mi.*

Mo fi í lé Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó kà á, ó tún un kà. "Mo fẹ́ dá wọn lóhùn," ó ní. "Mo kàn fẹ́ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn tán ni."

*

Ó ti ń lọ sí aago mẹ́ta nígbà tí mo dé ilé ìgbẹ̀bí náà. Yàrá mẹ́rin, ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní, bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà. Agbẹ̀bí ń fọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fi ọṣẹ fọ ìka kọ̀ọ̀kan. Ó rí jọ́tà tí mo gbé dání, ó sì pa omi.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Mo ti ń retí yín. Ẹ jẹ́ n sọ fún ẹni kan kó dúró ti obìnrin tó wà ní yàrá kejì."

Nígbà tó padà dé, kò jiyàn. Ó ní ọjọ́ tí òun mú ìwé kẹta wá ni òun dé ilé, tí òun sì yí jọ́tà náà padà. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan ni òun fi wò ó láìfọwọ́ kàn án.

"Kí ló dé tí ẹ fi kó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin?" mo bi í. "Kò sí ẹni tó lè ka ìyẹn tán."

"Ìgbà márùn-ún péré ni ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní. Bí wọ́n bá ní kí ẹ pọn omi lẹ́ẹ̀marùn-ún péré fún gbogbo ọdún, ṣé ife lẹ máa gbé lọ sódò? Ohun tó bá ti ní ìyá, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìkókó nínú àkọlé, mo kó o."

"Ẹ mọ̀ pé olè ni?"

"Mo mọ̀, Mà. Mo ní ilé-iṣẹ́ ńlá ni, kò ní dun ẹnikẹ́ni."

Iṣẹ́ mi kò dùn nígbà tó bá dé ibi báyìí. Mo sọ fún un nípa Elẹ́wé: ọdún méje, ewé ọsàn, aago márùn-ún. Ó di etí ọpọ́n ìfọwọ́ mú.

"Nọ́ńbà ló wà lórí ìwé yẹn," ó ní. "Mi ò rí ènìyàn."

"Ọ̀gá tó ṣe é náà kò rí i."

Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó gbé e kọ́. "Aago mélòó lẹ ní?"

"Aago márùn-ún."

"Ẹ jẹ́ ká lọ. Bí a bá dúró de bọ́ọ̀sì, á pẹ́. Ẹ lè rìn?"

Orúnkún mi ní òun ò lè rìn. Mo bá a rìn.

*

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú nígbà tí a wọ ọ́fíìsì Adarí. Agbẹ̀bí sọ gbogbo rẹ̀ láìjókòó, ó sì fọwọ́ sí i. Adarí fúnra rẹ̀ ló tẹ ilé-ìwé láago, ó fa ẹ̀sùn yọ, ó sì dúró lórí ẹ̀rọ títí wọ́n fi kà á padà sí i létí lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Elẹ́wé ń gbọ́. Kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó kàn ń wo agbẹ̀bí.

Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ gbé ìwé kan jáde. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ó ku èyí. Ọlọ́pàá ò lè mú ẹnikẹ́ni àfi kí ẹni tó ni àkáǹtì fọwọ́ sí i. Àwọn méjì yòókù ti kọ̀wé pé àwọn ò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́. Ìwọ ló kù. Mo gbọ́dọ̀ bi ọ́, òfin ni."

Ó fi báírò lé e lọ́wọ́. Mi ò dá sí i. Ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ láti bínú, ìbínú náà ì bá sì tọ́. Wọ́n ti fi ojú olè wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

"Mà," Elẹ́wé sọ fún agbẹ̀bí, "àwọn ìwé tí ẹ kó, ṣé ẹ rí nǹkan tí ẹ ń wá nínú wọn?"

"Mo rí i." Agbẹ̀bí na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó fi bí wọ́n ṣe ń tẹ ikùn hàn án, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ kan lókè, ọwọ́ kan nísàlẹ̀. "Òdì ni a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Obìnrin méjì ti ya ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kà á. Àwọn méjèèjì ti rìn lọ sílé. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí n má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi. Ohun tí o bá ṣe, mo gbà á."

Ó tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀. Kí orúnkún rẹ̀ tó kan ilẹ̀, Elẹ́wé ti di apá rẹ̀ mú. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi."

Adarí ti ń kọ nǹkan sórí ìwé níwájú rẹ̀, ó ń kọ ọ́ kíákíá: kí wọ́n dá àwọn ilé kéékèèké padà, kí òǹkàwé máa yan ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀, kí ìwé tó bá ní àṣírí di ohun tí wọ́n ń sun. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ń wò ó, ó ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bí mi ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?" Elẹ́wé bi í.

"A jẹ́ pé kò sí ẹlẹ́jọ́ nìyẹn."

Elẹ́wé dé báírò náà, ó gbé e sórí ìwé tí kò fọwọ́ sí, ó sì sún un padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí, ní ohùn kékeré, bí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí apá ilé-ìwé ṣì wà nírú àkókò yìí, nítorí òun ò tíì lọ aṣọ tí òun máa wọ̀ lọ́la.